Ẹ̀wà Dúdú àti Ẹlẹ́dẹ̀: Ìtàn Ìkòkò Feijoada ní Ilẹ̀ Bùràsíìlì

Bí ìrìn àjò bá gbé ènìyàn dé ìlú Rio de Janeiro ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí, òórùn kan ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ kí ọmọ ènìyàn tó kí i, èyíinì ni òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ àti eléèéfín, tí ó ti ń bá ẹ̀wà dúdú hó láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, pẹ̀lú aáyù àti àlùbọ́sà tí a fi ọ̀rá dín títí ó fi pọ́n. Feijoada ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà. Feijão ni ẹ̀wà ń jẹ́ ní èdè Potogí, ibẹ̀ ni orúkọ ọbẹ̀ sì ti wá. Òun ni wọ́n fi dé adé láàárín gbogbo oúnjẹ ilẹ̀ Bùràsíìlì: olówó ń jẹ ẹ́ ní ilé ìtura etí òkun, tálákà ń jẹ ẹ́ ní ilé orí òkè, kò sì sí èyí tí í jẹ ẹ́ tán nínú àwọn méjèèjì tí oorun kì í kì mọ́lẹ̀. Ìtàn ọbẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé èyí tí ayé ń sọ nípa rẹ̀ dùn ju òtítọ́ lọ, àti nítorí pé ọwọ́ àwọn baba àti ìyá wa wà nínú ìkòkò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí àwọn ènìyàn ń nàka sí kọ́ ni ọwọ́ náà wà.

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ní ayé òwò ẹrú, nígbà tí olóko ìrèké bá pa ẹlẹ́dẹ̀, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ a jẹ itan àti ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì gbá etí, ẹsẹ̀, ìrù àti imú rẹ̀ jọ, wọn a jù wọ́n sí àwọn ẹrú ní ahéré wọn tí à ń pè ní senzala, bí ẹni ń ju eegun sí ajá. Àwọn ẹrú náà, tí ebi ti fi ojú wọn rí màbo, a kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀wà dúdú, wọn a sì fi ọgbọ́n orí sọ ìdànù di àdídùn, títí ọ̀gá yóò fi gbóòórùn rẹ̀, tí òun náà yóò sì na abọ́ sí i. Olùkọ́ ń sọ ọ́ fún ọmọ ilé-ìwé, alásè ń sọ ọ́ fún àlejò, orí ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ a máa wú. N kò bínú sí ẹni tí ń sọ ọ́, nítorí ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Lára àwọn tí ó la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ará ilẹ̀ wọn ni Luís da Câmara Cascudo, ọmọ ìlú Natal, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ àṣà Bùràsíìlì, tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn oúnjẹ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1967. Ẹni tí ó bá mọ àwọn Potogí mọ̀ pé etí àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ìdànù lójú wọn rárá. Wọ́n ń fi iyọ̀ tọ́jú wọn, wọ́n ń fi wọ́n se ọbẹ̀ ọdún, títí di òní olónìí. Báwo wá ni ẹni tí ó fẹ́ràn ohun kan yóò ṣe máa sọ ọ́ nù fún ẹrú rẹ̀? Ẹrú ẹ̀wẹ̀, ẹ̀wà àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá díẹ̀ tàbí ègé ẹran màlúù gbígbẹ bí ọ̀gá bá ṣojú àánú. Ẹran ṣọ̀wọ́n ní ahéré rẹ̀, áḿbọ̀sì kí ó tó oríṣi mẹ́fà tàbí méje nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Kí a má sì gbàgbé pé Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa tí ogun kó láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ sí Bahia, àwọn tí wọ́n ń pè ní Malê níbẹ̀, ìyẹn Ìmàle wa, àwọn náà ni wọ́n sì gbé idà sókè ní ìgboro Salvador ní oṣù January 1835. Ta ni yóò gbé imú ẹlẹ́dẹ̀ síwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀?

Bí a bá wo ìkòkò náà fúnra rẹ̀, àṣà kíkó oríṣiríṣi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀wà pọ̀ sójú kan, kí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ máa sè wọ́n fún wákàtí púpọ̀, àwọn ará Yúróòpù ni ó ni ín. Ó wà ní àríwá ilẹ̀ Potogí, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wà funfun tàbí pupa se feijoada tiwọn. Ó wà ní Asturias ní ilẹ̀ Sípéènì, fabada ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, cassoulet ni tibẹ̀ ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ará ìlú Castelnaudary ní Faransé a máa sọ pé nígbà tí ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ká àwọn baba wọn mọ́lé ní ọdún 1355 ni wọ́n gbá ohun tí ó kù nílé jọ, ẹ̀wà, ọ̀rá, ẹran, tí wọ́n sè é fún àwọn jagunjagun, tí wọ́n sì fi agbára rẹ̀ lé ọ̀tá lọ. Ìtàn rere ni. Àfi pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀wà funfun inú cassoulet ti wá, Columbus kò sì wọkọ̀ lọ sí ọ̀hún títí di ọdún 1492. Ó jọ pé kò sí ìkòkò ẹ̀wà kan láyé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í wá ìtàn ebi àti ìyà so mọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀wà dúdú Bùràsíìlì náà, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbin irú rẹ̀ kí ọkọ̀ Pedro Álvares Cabral, ọmọ ilẹ̀ Potogí, tó gúnlẹ̀ ní ọdún 1500. Kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀wà tiwa tí a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ilẹ̀ Áfíríkà ni tiwa ti ṣẹ̀, ọkọ̀ ẹrú ni ó sì gbé e dé Bahia, níbi tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ti ń fi dín acarajé ní ìkóríta títí di òní. Ẹlẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn Potogí ni ó kó o dé. Ìdílé méjì ni ó pàdé nínú abọ́ kan.

Orúkọ feijoada tí a fi Bùràsíìlì kún jáde nínú ìwé ìròyìn Diário de Pernambuco ní ìlú Recife kí ọdún 1840 tó pé, níbi tí ilé oúnjẹ ti ń polongo rẹ̀ fún àwọn oníbàárà pé ní ọjọ́ báyìí nínú ọ̀sẹ̀ ni yóò wà. Àwọn tí ó lówó lọ́wọ́, tí ó sì lè ka ìwé, ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ wà fún. Nígbà tí ó ṣe, ní ìparí ọ̀rúndún náà, ilé oúnjẹ kan tí ń jẹ́ G. Lobo ní òpópó General Câmara ní Rio di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nítorí feijoada aláṣepé, èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀; òpópó náà gan-an ti pòórá, wọ́n wó o nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ńlá Presidente Vargas ní àwọn ọdún 1940. Ní àwọn ọdún 1930 ni ìtàn etí àti ìrù wá rí ẹsẹ̀ rìn dáadáa, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti ìjọba ń wá ohun tí wọn yóò fi júwe pé aláwọ̀funfun, aláwọ̀dúdú àti onílẹ̀ ti di ọmọ ìyá kan náà. Ní ọdún 1933 ni Gilberto Freyre, ọ̀kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé náà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ilé ọ̀gá àti ahéré ẹrú jáde. Ìkòkò kan tí ọ̀gá àti ẹrú jọ ń jẹ nínú rẹ̀ bá irú èrò yẹn mu bí ọmọrí ṣe ń bá odó rẹ̀ mu.

Ibo wá ni ọwọ́ àwọn ìyá wa wà? Ní ìdí iná ni. Ta ni ń dáná ní ilé ọ̀gá, ní ilé àlùfáà, ní ilé oúnjẹ ìgboro, títí di ọjọ́ 13 oṣù May 1888 tí òfin òmìnira jáde, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀? Obìnrin dúdú ni. Ìlànà ọbẹ̀ lè ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kì í fi ìlànà se ara rẹ̀. Wò ó bí wọ́n ṣe ń sè é: alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti ń rẹ ẹran oníyọ̀ sínú omi, etí, ẹsẹ̀, ìrù, egungun ìhà, àti ẹran màlúù gbígbẹ, wọ́n sì ń pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí iyọ̀ má bàa fa ahọ́n ya. Lówùúrọ̀, èyí tí ó le ni ó ń kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀wà, sọ́séèjì eléèéfín ni ó ń kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀wà bá rọ̀, wọn a bu ṣíbí ìpọnbẹ̀ méjì nínú rẹ̀, wọn a dà á sínú àwo tí aáyù ti ń ta pàràpàrà nínú ọ̀rá, wọn a tẹ̀ ẹ́ rẹ́, wọn a sì dá a padà sínú ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni omi ọbẹ̀ yóò ki, tí yóò sì dúdú bí aró. Kò sí ẹni tí í fọ́n iyọ̀ sí i títí yóò fi kù díẹ̀, nítorí ẹran ti gbé tirẹ̀ wá. Ìyá èyíkéyìí tí ó bá ti se ẹ̀wà ní ilẹ̀ wa mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: ìkẹyìn ni iyọ̀ ẹ̀wà. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Wọn a wá gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì funfun, ẹ̀fọ́ tí wọ́n gé bí òwú, ọsàn tí wọ́n bó kí ó lè gé ọ̀rá lẹ́nu, àti farofa, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ yíyan tí wọ́n fi ọ̀rá pò. Níbí ni ọmọ Yorùbá yóò ti rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun tí àwọn yẹn ń fi ọ̀ṣọ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni a ń pè ní ẹ̀wà àti gàrí nílé wa, àfi pé gàrí tiwa kan, tiwọn kì í kan. Ìrìn àjò ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ gba iwájú gba ẹ̀yìn: Bùràsíìlì ni ilé rẹ̀, àwọn Potogí ni ó gbé e wá sí etíkun wa, àwọn tí ó ti oko ẹrú padà dé sì wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ̀pọ̀ ìlú bí a ti í rin ín, tí a sì í yan án.

Ibi tí ojú mi ti wá là sí ọ̀rọ̀ yìí jù ni ojúbọ Ògún. Ní Salvador, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Ògúnjá, tí Procópio Xavier de Souza jẹ́ olórí rẹ̀, ọkùnrin tí àwọn ọlọ́pàá dà láàmú ní àwọn ọdún 1920 nígbà tí wọ́n ń kó ìlù, tí wọ́n ń fọ́ ojúbọ káàkiri ìlú náà. Lágbo ilé rẹ̀ ni àwọn àgbà Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ti Bùràsíìlì, sọ pé àṣà feijoada Ògún ti ṣẹ̀ wá: wọn a se ìkòkò ńlá, wọn a bọ Ògún tán, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì yà wọlé, onílé àti àlejò, yóò jẹ àjẹyó láìsan kọ́bọ̀. Lákáayé tí à ń fi ajá bọ ní Ìrè, tí ó ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀sun iṣu nílé, ti wá di ẹni tí ń tẹ́wọ́ gba ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹ̀wà lẹ́yìn odi. Orúkọ Ògúnjá náà, èyí tí ajá jíjẹ wà nínú rẹ̀ kedere létí wa, ni àwọn ará Salvador fi ń pe àfonífojì tí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kan gbà kọjá lónìí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a sì máa pè é láìmọ̀ pé Yorùbá ni àwọn ń sọ. Ní Rio, ọjọ́ 23 oṣù April, tí í ṣe ọjọ́ George Mímọ́ tí wọ́n fi dọ́gba pẹ̀lú Ògún, kì í kọjá kí ìkòkò feijoada má gorí iná. Àwọn ẹgbẹ́ samba bíi Portela náà sì ń fi feijoada kó èrò jọ. Ìwọ̀nyí ni mo kà sí ogún tí àwọn ènìyàn wa fi sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ náà, ó sì níyì lójú mi ju ìtàn pé a ṣa ìdànù jẹ lọ. Ìtàn ìdànù sọ wá di ẹni tí a ń ju nǹkan sí. Ìkòkò Procópio sọ wá di ẹni tí ń pe ará ìlú wá jẹun.

Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí ó ti Bùràsíìlì padà wálé, kó ọbẹ̀ yìí bọ̀ nínú ẹrù wọn, ṣùgbọ́n ó yà sí ọ̀nà méjì bí ó ti dé etíkun. Ní Èkó, ní Pópó Àgùdà àti àyíká Campos, frejon ni wọ́n ń sè, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná tí a fi omi àgbọn sè, ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́ jù. Nítorí ààwẹ̀ ọjọ́ náà, ẹran kan kì í kàn án, ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọn a sì bù ú fún aládùúgbò Mùsùlùmí láìsí ìfòyà. Bí ẹ bá sì kọjá dé Porto-Novo ní oṣù January, nígbà tí àwọn Àgùdà ibẹ̀ ń ṣe ọdún Olúwa Bonfim pẹ̀lú ìlù àti egúngún wọn tí wọ́n ń pè ní burinhã, ẹ béèrè féchouada lọ́wọ́ wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà nínú tiwọn.