Pélé Màmá Àgbà

Ẹ̀yin èèyàn mi ní kámpọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí ẹ mọ̀ mọ́ ewì, ìtàn kọ̀ǹpútà ni mo gbé dé lónìí. Ọ̀rọ̀ Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló sún mi débẹ̀.

Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá lọ́tùn-ún lósì. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n yà kí wọ́n tó kú. Òjò wọlé bá wa ní Agbowó, fọ́tò bàjẹ́. Fáìlì kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi ti skáànù sílẹ̀ nìkan ló kù: ìlà 80, àpótí 60 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo màmá wa kò ju àpótí 4,800 lọ! Àpótí kéékèèké bẹ́ẹ̀, funfun, dúdú, aláwọ̀ eérú, ni wọ́n ń pè ní pixel. Àwòrán tí wọ́n bá fi wọ́n tò ni raster. Ẹ dúró ní Dùgbẹ̀ lálẹ́, kí ẹ wo fèrèsé Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965. Èyí tó tan iná àti èyí tó ṣókùnkùn, tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ: bí raster ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà, tó ń ka Statistics, ní kí n lo R. Mo bi í pé kí ni R, ó bá pìtàn fún mi. Ní 1976, John Chambers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ èdè ìṣirò kan tó ń jẹ́ S. Lẹ́yìn náà, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, olùkọ́ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, wo àwòkọ́ṣe rẹ̀, wọ́n ṣe R. Ní 1995 wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ní February 29, 2000, ẹ̀dà 1.0.0 jáde.

Ṣùgbọ́n ìlà àti ọ̀pá gíráàfù ni R mọ̀ ọ́n yà nígbà náà. Fọ́tò le fún un. image() ni wọ́n ń lò, òun sì ń kun àpótí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fọ́tò màmá á di onígun mẹ́rin 4,800, fáìlì á wúwo gan-an. Mo dán an wò fúnra mi. Bí gíráàfù ló ṣe ka nọ́ńbà fọ́tò náà, ni màmá bá sùn gbalaja, orí wọn sí ọwọ́ òsì. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì gbẹ lẹ́nu mi.

Ní April 2010, nínú R 2.11.0, ni rasterImage() àti grid.raster() dé. Paul Murrell, òun náà ní Auckland, ló ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú The R Journal ní June 2011. Láti ìgbà náà ni R ti ń gba fọ́tò lódindi.

Mo lo rasterImage(), màmá dìde. Mo fẹ̀ wọ́n tó ojú ìwé, ojú wọn wá ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Mo gbé e fún bàbá mi.

“Ta nìyí?”

“Màmá ni, sà.”

“Pélé ìyá mi dà?”

Ẹnu mi wọhò. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣàlàyé. Bí a bá fẹ àwòrán, àlàfo á wà láàárín àpótí. Bí o ò bá sọ nǹkan kan, interpolate = TRUE ni R á mú: á po àwọ̀ àpótí tó múlé ti ara wọn pọ̀, á fi dí àlàfo. Pélé tí kò fẹ̀ ju àpótí kan lọ bá yọ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di òjìji.

Mo kọ interpolate = FALSE. Ojú màmá rí págunpàgun bí ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́. Bàbá mi sún sẹ́yìn, wọ́n tún sún, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Pélé mẹ́ta, lọ́tùn-ún, lósì. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyá mi nìyẹn.”

Ẹ̀yin tí à ń kọ ìtàn ìlú àti ìtàn ilé, ohun tó wà lọ́wọ́ wa kì í sábà pọ̀ ju àpótí 4,800 lọ. Àbá wù wá láti fi dí àlàfo, kó lè dán. Ẹ jẹ́ kó rí págunpàgun, o jàre. Ẹni tó mọ̀ wọ́n á sún sẹ́yìn, á sì dá wọn mọ̀.