ẹ̀rọ lathe

(ọ̀rọ̀-orúkọ) Ẹ̀rọ tí ó ń di irin, igi tàbí ike mú, tí ó sì ń yí i bírí, kí ọ̀bẹ tí a dè síwájú rẹ̀ lè máa fá a títí yóò fi dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ka nọ́ńbà tí ó sì ń gbé ọ̀bẹ náà rìn, ẹ̀rọ lathe CNC ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, lathe náà ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Orúkọ tí olùtumọ̀ bá hùmọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní yé wọn.

Ìlò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìṣòro tó wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí ní turning, ṣùgbọ́n “ó yí irin náà” ní Yorùbá kò sọ pé ohunkóhun dín kù lára irin. Ẹni tí ó kàn fọwọ́ yí i padà ti yí i. *Gbẹ́* ni ó yẹ fún iṣẹ́ náà lápapọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó fún agbẹ́gilére. (Igi agbẹ́gilére a máa dúró, irinṣẹ́ a sì máa rìn, lórí lathe, ohun tí a ń gbẹ́ gan-an ni ó ń pòòyì.) *Fá* wà fún mímú èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lára irin, *gé* fún pípín in sí méjì, *lu* fún ihò.

Arọ́pò-orúkọ *ó* léwu nínú ìwé ìlànà. “Nígbà tí ó bá ń yí, má ṣe fọwọ́ kàn án”: kí ni ó ń yí? Lórí lathe, irin ni. Lórí ẹ̀rọ milling, ọ̀bẹ ni. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ṣi gbólóhùn yìí lóye lè pàdánù ìka. Kí a dárúkọ ohun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àsọtúnsọ. Bákan náà ni ìbọ̀wọ́: ó dàbí ohun ààbò, àmọ́ irin tí ń yí lè fà á pẹ̀lú ọwọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. “Má ṣe wọ ìbọ̀wọ́” ni a gbọ́dọ̀ kọ, kì í ṣe “ṣọ́ra pẹ̀lú ìbọ̀wọ́”.

Ìwọ̀n. “Fá mílímítà 2 kúrò” kò tó. Bí ọ̀pá irin bá fẹ̀ ní mílímítà 40, tí ọ̀bẹ sì wọ inú rẹ̀ ní mílímítà 2, ìbú rẹ̀ yóò di 36, kì í ṣe 38, nítorí pé irin tí ń yí ń dín kù níhà gbogbo. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ lathe CNC, nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé X jẹ́ ìbú irin láti etí dé etí: X38 ń sọ ibi tí ìbú yóò dé, kò sọ bí ọ̀bẹ yóò ti wọlé tó. Irin tí a ti fá kọjá ìwọ̀n kò ṣe é dá padà.

Kóòdù. A kì í túmọ̀ G00 tàbí G01, a kì í sì í fi àmì ohùn sí wọn. Àlàyé wọn ni a ń túmọ̀: G00, kí ọ̀bẹ sáré lọ láìfá nǹkan, G01, kí ó rìn gbọọrọ ní ìwọ̀n eré tí a kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lo “lọ” fún méjèèjì ti pa ìyàtọ̀ pàtàkì rẹ́.

Ìtàn ọ̀rọ̀. N inú CNC, tí ó dúró fún nọ́ńbà, ṣáájú C ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí MIT fi han aráyé ní Amẹ́ríkà ní 1952, lẹ́yìn èrò tí John T. Parsons mú wá, jẹ́ ẹ̀rọ milling tí ń ka nọ́ńbà láti ara téèpù oníhò. NC ni kí a pè é. CNC kò tọ́ sí i.

Àpẹẹrẹ. *Gbẹ́ ọ̀pá náà títí ìbú rẹ̀ yóò fi jẹ́ mílímítà 38. Jẹ́ kí irin dúró pátápátá kí o tó wọn ìbú rẹ̀. Yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ohun tí ó di irin mú kí o tó tan ẹ̀rọ.*