Àbùùbùtán fi ẹsẹ̀ rìn rí: Ohun tí egungun tí wọ́n wú ní Nàìjíríà àti Tógò sọ

Ẹja ni ọ̀pọ̀ wa ka àbùùbùtán sí, àmọ́ kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ọmọ ló ń bí, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Àwọn onímọ̀ sọ pé orí ilẹ̀ ni baba ńlá rẹ̀ ń gbé, tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Orílẹ̀-èdè Pakistan ni ẹ̀rí kan ti wá. Lọ́dún 1981, wọ́n kéde agbárí ẹranko kan tí wọ́n pè ní Pakicetus, tó ti wà láyé ní bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Egungun etí rẹ̀ bá ti àbùùbùtán mu. Nígbà tó yá, wọ́n rí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹran tó tóbi tó ajá ńlá ni.

Lọ́dún 2001 ni ẹ̀rí mìíràn tún jáde. Ẹni tó bá ti kun ẹran Iléyá rí á mọ egungun kékeré kan ní ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àgbò. Lókè àti nísàlẹ̀ ló ti jin láàárín, bíi kẹ̀kẹ́ tí okùn kànga ń gbà kọjá. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n bá lẹ́sẹ̀ àwọn àbùùbùtán àtijọ́. Àyẹ̀wò DNA náà sọ pé erinmi ni ìbátan tó sún mọ́ àbùùbùtán jù láyé lónìí.

Ṣé Pakistan nìkan ni? Rárá o! Ní Ameki, ní ìpínlẹ̀ Abia òde òní, wọ́n wú egungun àgbọ̀n àti eyín àbùùbùtán kan tó ti lé ní mílíọ̀nù 40 ọdún. Òkun ló bo ibẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún 1920, Charles Andrews sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi, ó fi orúkọ Lugard tó ṣe gómìnà Nàìjíríà pè é. London ni egungun náà wà.

Ní Tógò, ibi tí wọ́n ti ń wa fọ́síféètì ní Kpogamé ni wọ́n ti rí ìbátan rẹ̀. Lọ́dún 2014 ni wọ́n sọ ọ́ ní Togocetus. Ìdílé àwọn méjèèjì ṣì ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àmọ́ omi ti ń di ilé wọn. Títí di òní, egungun ìbàdí kékeré ṣì wà nínú ara àbùùbùtán, bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn mọ́.

Ẹ má wá irú egungun yìí lọ sídìí àpáta Ìwó o. Iná abẹ́ ilẹ̀ ti yí òkúta tiwa padà, egungun kì í kù nínú irú wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ní Ewékorò àti Ṣàgámù, níbi tí òkúta sìmẹ́ǹtì ti jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́. Tí ẹ bá rí eyín, ìkarahun tàbí egungun tó ti di òkúta, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ẹ̀ka ìmọ̀ nípa òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ilé-Ifẹ̀ létí. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ kúnná, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè kà á mọ́.