Bí àwọn obìnrin ọjà Èkó ṣe mú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà

1/ Ẹ̀yin ará mi, ìgbàkígbà téèyàn bá ní ìjọba ò lè gbọ́ tiwa láéláé, ìyá kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko l'Ékòó. Kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀wé kà. Ẹ jókòó, ìtàn yìí gùn díẹ̀.

2/ Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe to ara wọn. Nínú ọjà, ẹlẹ́ja ní olórí, aláṣọ ní olórí, oníata ní olórí. Gbogbo ọjà wá ní alága tiẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1920 ni àwọn ọjà yìí pawọ́ pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, Lagos Market Women's Association, Pẹ̀lẹ́wùrà sì ni olórí wọn. Herbert Macaulay àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, NNDP, wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá.

3/ Tí nǹkan bá wá ń dun ìyá kan ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ní ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Olórí á gbé e dé ìpàdé, wọ́n á tú u palẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ bá fìdí sí, ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa dúró sí. Ẹgbẹ́ á sanwó fún akọ̀wé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ ọ́, àwọn ìyá á sì tẹ̀ka sí i.

4/ Lọ́dún 1932, wọ́n gbọ́ fìrìfìrì pé owó orí obìnrin ń bọ̀. Wọn ò dúró kó dé. Wọ́n rán aṣojú sí òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sóhun tó jọ ọ́.

5/ Láàárín àwọn ọdún 1930 yẹn náà, ìjọba ní kí wọ́n kó ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé. Pẹ̀lẹ́wùrà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé pẹ̀lú àwọn mìíràn. Àwọn obìnrin tú síta, ìjọba sì tú wọn sílẹ̀.

6/ 1940 ló wá gbóná jù. Ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, ìjọba sì ṣòfin pé obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ọjà Èkó dá páropáro. Ọ̀pọ̀ obìnrin kọrí sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà, wọ́n gbé ìwé ẹ̀hónú dání.

7/ Ẹ gbọ́ àwíjàre wọn: ogun ti ba ọjà jẹ́, àwọn ló sì ń gbé ẹrù ilé. Pabanbarì ẹ̀: obìnrin ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ gbowó orí lọ́wọ́ ẹni tí kò lóhùn nínú ìjọba?

8/ Láàárín ọjọ́ mélòó kan, £50 ti di £200. Wọ́n fẹ́ kí òfin náà kú pátápátá ni, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro iye ìyá alátẹ tó bọ́ lọ́wọ́ owó orí lọ́jọ́ yẹn.

9/ Ogun tún mú ọ̀wọ́n oúnjẹ wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo, ìjọba bá dá iye lé oúnjẹ, wọ́n fi Captain Pullen ṣe alábòójútó. Ìdí wà fún un o. Àmọ́ iye yẹn ò ka iye tí ìyá ra gààrí lóko àti owó ọkọ̀ tó gbé e wọ̀lú. Tó o bá tà á níye ìjọba, o jẹ gbèsè. Tó o bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di kóòtù. Ni gààrí bá sá kúrò lórí àtẹ, wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀.

10/ Pullen wá fẹ́ fi £100 lóṣù ra Pẹ̀lẹ́wùrà sápá ọ̀dọ̀ wọn. £1,200 lọ́dún nìyẹn, nígbà tí £50 lọ́dún ti tó owó tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lé lórí! Ó kọ̀ ọ́. Ó sì mọ ohun tó ń ṣe: bí wọ́n bá ra olórí, gbogbo ìka tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé di òfo.

11/ Wọ́n ń bá a fà á títí di 1945, tí ogun parí tí ìjọba sì jáwọ́ nínú ètò náà. Pẹ̀lẹ́wùrà kú lọ́dún 1951.

12/ Ariwo nìkan kọ́ ló ṣe é. Wọ́n ti ní olórí, ìpàdé, owó àjọ àti akọ̀wé kí wàhálà tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà lórí Instagram, ẹ̀yin oní-POS, tí òfin tuntun bá jáde lọ́la, ta ló máa bá yín sọ̀rọ̀? Ibo lẹ ti ń ṣèpàdé?