Àwọn Tó Sá Gba Òkè-Àfá Lọ ní 2002

Nígbà tí a ń múra ìwé ìrántí yìí sílẹ̀, ìtàn bí Mùṣín ṣe di ìlú ńlá ni a fẹ́ kọ sójú ewé yìí. Ìpàdé ẹgbẹ́ kan ló yí i padà. Ẹnìkan ṣàdédé béèrè ibi tí kálukú wa wà lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ǹbù dún ní Ìkẹjà, a sì ń fi ẹ̀rín sọ ọ́: ẹni tó sá jáde láìwọ bàtà, ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n lérí sá. Nígbà tó kan ọ̀kan nínú wa, ó ní àbúrò òun obìnrin wọ kánáàlì lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì jáde mọ́.

Ọdún mẹ́wàá rèé tí a ti ń jókòó pọ̀ lóṣooṣù. A ti jọ ra aṣọ ẹgbẹ́, a ti jọ ṣe ìkómọ, a ti bá ara wa sin òbí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní àbúrò obìnrin rí.

Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ wà ní Èkó nígbà náà kò ní gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002, iná mú ibi tí àwọn sójà ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ń dún léraléra wọ inú òru. Gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà síbẹ̀. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ní 29 May 1999, nítorí náà ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ni pé wọ́n tún ti fẹ́ gba ìjọba. Àwọn èèyàn tú jáde láti Ìkẹjà, Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, wọ́n ń sá fún ariwo. Kánáàlì Òkè-Àfá ló wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ewéko ti bo ojú omi, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ẹni tó wà níwájú rò pé pápá ni, ẹni tó wà lẹ́yìn sì ń tì í. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 1,000, inú omi yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní Ejìgbò tí kò jìnnà síbẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun já sí ní 26 September 1992. Àwọn yẹn, ológun ni wọ́n, orúkọ wọn wà nínú ìwé iṣẹ́. Ta ló máa kọ orúkọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń sáré nínú òkùnkùn?

A lọ bá àwọn aládùúgbò, a lọ bá àwọn ìyá wa, a ń béèrè. Ọ̀rọ̀ wọn kì í bára mu nígbà gbogbo. Ẹnìkan takú pé ọjọ́ Sátidé ni, àfi ìgbà tó rántí pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣì wà lọ́rùn òun. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní Ìsọlọ̀ rí ọmọdé kan létí títì, ọmọ náà kò sì mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ju "Ìyá Ìbejì" lọ. Mélòó ni Ìyá Ìbejì tó wà ní Èkó! Ó gbé e kiri ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fún ọjọ́ mẹ́rin kí bàbá ọmọ tó dé. Ìyá àgbà kan wò wá títí, ó ní, "Ẹ má bá mi tú u, ẹ̀yin ọmọ mi." A dọ̀bálẹ̀, a sì jáde.

Ti ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Ìyá wọn ní kí ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, kí wọ́n máa lọ, òun ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn òun. Ó dì í mú. Sálúbàtà rẹ̀ já, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó ní kò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó nàró, èrò ti gba àárín wọn kọjá.

A bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́? Òótọ́ ni. Tí bàbá ẹni ọdún 80 bá kú, a ó dá aṣọ, a ó tẹ ìwé, a ó ya fọ́tò rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Òkú ọ̀fọ̀ kò ní ìwé. Ìyá wọn kó aṣọ ọmọ náà fún ẹlòmíràn, wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́. Èrò wa ni pé bí ọ̀pọ̀ ìtàn ọjọ́ náà ṣe sọnù nìyẹn: àwọn tó mọ̀ ọ́n kò gbàgbé, àṣà wa ni kò fún wọn láyè láti sọ ọ́.

Ní 27 January tó kọjá, a tẹ̀lé e lọ síbi òkúta ìrántí tó wà ní Òkè-Àfá. Kò tíì débẹ̀ rí. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí a máa lọ.

A fẹ́ tẹ orúkọ àbúrò rẹ̀ síbí, ó ní kí a mú sùúrù. Ìyá wọn ṣì wà láyé, òun ló fẹ́ kọ́kọ́ bi. A fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ewé yìí. Ẹni tó bá ní ẹni tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ó tó lọ sílé lónìí.