Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ọjọ́ Kan Nídìí Kíkó Ikọ̀ Pokémon Jọ

Ọjọ́ Àìkú ni ìdíje, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn mẹ́fà tí oníjà kọ̀ọ̀kan fẹ́ lò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn olùṣètò kí aago 12 òru Sátidé tó lù. Sátidé yẹn, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 19, jókòó ti iṣẹ́ yìí láti àárọ̀ títí di alẹ́ nínú ilé wọn ní Peckham, gúúsù London. Mo wà níbẹ̀. Gbogbo àyípadà tó ṣe ló kọ aago sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì fi àwọn ìjà tó jà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Inú ìwé yẹn, inú àwọn ìjà yẹn àti ohun tí mo fojú rí ni mo ti ṣa ìròyìn yìí jọ.

Aago 8 àárọ̀

Òfin ló kọ́kọ́ kọ sójú ewé. Nínú géèmù Pokémon Scarlet àti Violet, ẹ̀dá mẹ́fà ni oníjà ń mú wá. Yóò wo mẹ́fà ti alátakò, alátakò á wo tirẹ̀, kálukú á sì yan mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90. Méjì-méjì ni wọ́n ń jáde sójú ìjà. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ni oníjà ní láti pàṣẹ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ipele 50 ni gbogbo wọn ń wà, ìbáà jẹ́ ipele 100 ni ẹ ti tọ́ wọn dé. Irú ẹ̀dá kan kò gbọ́dọ̀ pé méjì nínú ikọ̀, ẹ̀dá méjì kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kan náà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni òfin tí wọ́n pè ní Regulation H bẹ̀rẹ̀. Ó ti àwọn abàmì ńláńlá bíi Koraidon àti Miraidon síta, ìjà sì kù sọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá yòókù.

“Kò sí ọ̀gá pátápátá mọ́, Àǹtí,” ló wí fún mi. “Kò sí èyí tí kò ní ẹni tó lè pa á.”

Aago 9

Ẹyọ kan ló fi bẹ̀rẹ̀: Archaludon, drágónì onírin. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ẹ̀dá yìí wọ inú géèmù, pẹ̀lú àfikún tí wọ́n pè ní The Indigo Disk. Ohun ìjà pàtàkì rẹ̀ ni Electro Shot. Bí òjò kò bá rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi odindi ìgbésẹ̀ kan kó agbára jọ kó tó yìn ín. Bí òjò bá ń rọ̀, lójú ẹsẹ̀ ló ń yìn ín, agbára rẹ̀ á sì ti ga sí i kó tó yìn ín. Bí wọ́n bá sì ṣe ń lù ú tó ni awọ rẹ̀ ń le tó, nítorí àbùdá rẹ̀ tó ń jẹ́ Stamina.

Ẹni tó bá fẹ́ òjò gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò rọ̀ ọ́. Ìyẹn ni Pelipper, ẹyẹ omi tó jẹ́ pé bó bá ti dé ojú ìjà ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ márùn-ún gbáko. Pelipper tún mọ Tailwind, ẹ̀fúùfù tó ń sọ eré gbogbo ará ilé rẹ̀ di ìlọ́po méjì fún ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ìdajì wákàtí kò pé tí méjì àkọ́kọ́ fi dúró.

Aago 10

Ààyè mẹ́rin tó kù ni wàhálà. Àwọn tó lórúkọ ló fi dí i: Basculegion, ẹja tó ń sáré ní ìlọ́po méjì nínú òjò, Sneasler, oníjà eléèékánná olóró, Garchomp, drágónì inú ilẹ̀, àti Kingambit, jagunjagun aláṣọ irin. Ikọ̀ akin ni lójú ẹnikẹ́ni tó bá wò ó.

Lórí ẹrù ni awuyewuye ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Pelipper nílò Focus Sash, èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣẹ́kù ẹ̀mí kan lẹ́yìn ìlù tó yẹ kó pa á. Sneasler náà nílò rẹ̀. Pelipper ló fún, nítorí bí Pelipper bá kú kó tó fẹ́ ẹ̀fúùfù, kò sí ikọ̀ mọ́. Sneasler gba Clear Amulet, tí kì í jẹ́ kí alátakò dín agbára rẹ̀ kù.

Aago 11

Pokémon Showdown, pápá ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti ọdún 2011, ni wọ́n ti ń dán ikọ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kò ní tọ́ ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá ti kọ sílẹ̀ di tiyín, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní aago 11:40, ó fi Pelipper ṣíwájú. Alátakò fi Torkoal ṣíwájú, ìjàpá elédùú tó ń mú oòrùn yọ. Òjò ṣú lójú kọ̀ǹpútà. Kò tíì rọ̀ dé ibì kankan tí oòrùn fi yọ, tó sì gbé e mì. Mo béèrè ohun tó fà á. Ó ní ẹni tó bá yára jù ni àbùdá rẹ̀ ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ti ẹni tó lọ́ra á tẹ̀lé e, èyí tó bá sì dé gbẹ̀yìn ló ń dúró. Torkoal wà lára àwọn tó lọ́ra jù nínú géèmù náà. Archaludon jáde sínú oòrùn yẹn, ó fi ìgbésẹ̀ kan kó agbára jọ, wọ́n sì pa á kó tó yin ohunkóhun.

Kò pààrọ̀ ẹnikẹ́ni nítorí ìjà yìí. Ohun tó kọ ni pé: “Torkoal wà níbẹ̀? Pelipper dúró sẹ́yìn. Jẹ́ kí oòrùn yọ tán kó tó wọlé.” Bí Pelipper bá wọlé lẹ́yìn tí Torkoal ti balẹ̀, òjò ló dé gbẹ̀yìn, òjò ló sì ni ojú ọjọ́. Àlébù mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a ṣe ń jà ló ń wò ó sàn.

Aago 1 ọ̀sán

Àwọn ìjà tó tẹ̀lé e kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, kì í kọ “mo borí” tàbí “mo pàdánù” nìkan. Ó ń kọ ẹni tó kú, ẹni tó pa á, àti ìgbésẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ka ìlà wọ̀nyẹn sókè, orúkọ ẹ̀dá alátakò méjì ló ń jáde léraléra: Sneasler àti Ursaluna. Ìlù ìjà ń dun Archaludon ní ìlọ́po méjì, ọwọ́ Sneasler nìyẹn. Ìlù ilẹ̀ náà ń dùn ún ní ìlọ́po méjì, Ursaluna ló sì ni ìyẹn.

Kingambit kò lè gbà á sílẹ̀, torí ìlù ìjà ń dun Kingambit ní ìlọ́po mẹ́rin. Garchomp tún burú jù: bó bá lo Earthquake, ilẹ̀ tó ń mì kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé, Archaludon tó dúró tì í ló ń kọ́kọ́ dá lóró. Òótọ́ ni pé Pelipper tàbí Basculegion lè wọlé dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pààrọ̀ ẹ̀dá ní gbogbo ìgbésẹ̀ kò ráyè lu ẹnikẹ́ni, òjò sì ń dá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yé èmi náà. Gbogbo àwọn tó kó jọ ló wá láti lù. Kò sí ẹyọ kan tó wá láti gba ìlù.

Aago 2

Ìyá rẹ̀ gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata síwájú wa. Ó ń jẹun, ó ń fi ìjà àtijọ́ kan hàn mí: àṣekágbá àwọn àgbà nínú ìdíje Pokémon àgbáyé ọdún 2014, ní Washington, D.C. Sejun Park, ará Gúúsù Korea, ló ń bá Jeudy Azzarelli, ará Amẹ́ríkà, figẹ̀ wọngẹ̀. Nínú ikọ̀ Park, láàárín àwọn bíi Garchomp àti Gyarados, ọ̀kẹ́rẹ́ funfun kékeré kan wà tó ń jẹ́ Pachirisu.

Iṣẹ́ Pachirisu ni Follow Me: kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ na ẹnìkejì rẹ̀ wá na òun. Gyarados ló ń bò, ìlù iná mànàmáná sì ń dun Gyarados ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí iná mànàmáná yẹn bá kan Pachirisu, ìwòsàn ló ń dà fún un, nítorí àbùdá tó ń jẹ́ Volt Absorb. Ohun tó lè pa ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ń jẹ yó. Park ló gba ife.

“Wọ́n máa ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu,” ni ọmọ náà wí, “ṣùgbọ́n ìṣirò ni, Àǹtí. Ó mọ ohun tó ń pa Gyarados, ó wá lọ wá ẹni tí nǹkan náà kò lè pa.”

Aago 3

Ó fa igi lé Garchomp àti Kingambit. Ó dùn ún. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́ Garchomp yẹn. Amoonguss ló gba ààyè àkọ́kọ́, olú ńlá tó mọ Rage Powder, èyí tó ń fa ìlù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìdajì ni ìlù ìjà Sneasler ń dùn ún. Bó bá sì kúrò lójú ìjà, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀mí rẹ̀ ń padà bọ̀.

Incineroar gba ìkejì. Iná ni Incineroar, òjò sì ń gé agbára iná sí ìdajì, mo sì béèrè bí kò ṣe ní di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Ó ní òun kò mú un wá láti jó ẹnikẹ́ni. Bó bá ti wọlé, Intimidate rẹ̀ ń gé agbára ọwọ́ alátakò méjèèjì ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Fake Out rẹ̀ á sì mú kí ọ̀kan nínú wọn pàdánù ìgbésẹ̀ kan, tó tó fún Pelipper láti fẹ́ ẹ̀fúùfù.

Earthquake ni Rage Powder kò lè fà, nítorí gbogbo ojú ìjà ló ń bá. Fún ìyẹn, ó fi Tera sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìjà ni oníjà lè fi Tera yí ẹ̀yà ẹ̀dá rẹ̀ kan padà. Archaludon tó bá di ẹ̀yà afẹ́fẹ́ kò ní í gbọ́ ìlù ilẹ̀ mọ́ rárá, ìlù ìjà á sì dín sí ìdajì lára rẹ̀.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́

Wákàtí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan lè gba máàkì 510 lápapọ̀ láti fi ró ara rẹ̀ lágbára, ẹyọ agbára kan kò sì lè gbà ju 252 lọ. Ọmọ náà fẹ́ kí Archaludon yára ju Dragapult, ẹ̀dá tó yára gan-an, lọ nínú ẹ̀fúùfù. Dragapult tó bá fi gbogbo ohun tó ní sí eré ń dé 213 ní ipele 50. Eré Archaludon tí a kò kún rárá jẹ́ 105. Ẹ̀fúùfù sọ ọ́ di 210. Ó ku díẹ̀. Ó fi máàkì 12 kún un: 105 di 107, ẹ̀fúùfù sọ 107 di 214.

Máàkì 12 péré. Ẹni tí kò bá ṣírò á da 252 sí eré, Archaludon rẹ̀ á sì máa kú níbi tó yẹ kó ti yè. Èyí tó kù ni ọmọ náà pín sí ẹ̀mí àti agbára ìlù.

Aago 7 alẹ́

Kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó kan ẹ̀rọ géèmù Switch. Nínú géèmù gan-an, nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ di òótọ́. Ìgò Carbos kan ń fi máàkì 10 kún eré, 10,000 owó inú géèmù sì ni iye rẹ̀. Ìyẹ́ kan ń fi máàkì kan kún un. Nítorí náà, Carbos kan àti ìyẹ́ méjì ló fún Archaludon. Yíyí Tera padà ló gba àkókò: ègé Tera afẹ́fẹ́ 50 ni ilé oúnjẹ tó wà ní ìlú Medali ń gbà, tirẹ̀ kò sì pé. Ó lọ ja ìjà tó ń mú ègé náà wá títí wọ́n fi pé.

Aago 9

Ó padà sórí Showdown. Ní ìjà kejì, Sneasler ẹlòmíràn sáré sí Archaludon. Amoonguss fa á, ó gba ìlù náà, Electro Shot sì jáde. Ọmọ náà kò pariwo. Ó kàn fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà “Sneasler” nínú ìwé rẹ̀.

Wákàtí tó kù ló fi kọ mẹ́rin tó máa yan sí irú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan tó lè pàdé: oòrùn, Trick Room tó ń jẹ́ kí ẹni tó lọ́ra ṣíwájú, àti àwọn olójò bíi tirẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 90 kéré fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ronú.

Aago 11

Ní aago 11:20 ó fi orúkọ ránṣẹ́: Archaludon, Pelipper, Amoonguss, Incineroar, Basculegion, Sneasler. Nínú ìdíje, alátakò á rí ohun ìjà wọn, àbùdá wọn, ẹrù wọn àti Tera wọn. Kò ní rí máàkì tí a fún wọn. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: máàkì 12 yẹn wà lẹ́yìn orúkọ mẹ́fà náà, ó di ìgbà tí Dragapult bá rí i pé òun ti pẹ́ kó tó hàn.

Àwọn òbí kan rò pé eré ọmọdé tí kò nílárí ni èyí. Mo rí ọmọ tó fi odindi ọjọ́ kan kọ ìdí tó fi ń pàdánù sílẹ̀, tó ṣe ìṣirò, tó sì fi ohun tó fẹ́ràn sílẹ̀ nítorí ohun tí iṣẹ́ ń béèrè. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ kó ikọ̀ tiyín jọ, ẹ mú ẹyọ kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ kọ gbogbo ohun tó lè pa á sílẹ̀, kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni kún un.