Àṣekù

Inú ṣe àti kù ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ọmọ ìyá àjẹkù àti àlòkù. Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé tí a kò tíì parí ni. Ní ilé iṣẹ́ ìjọba, òun ni ìwé ìbéèrè tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ aráàlú tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn.

Ó yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n kọ̀. Ẹni tí wọ́n kọ tirẹ̀ lè lọ wá ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó wà nínú àṣekù á ká ìwé ẹ̀rí kékeré tí wọ́n fún un mọ́ etí ìró, á máa dúró.

Ní Ìfọ̀nyìn, tí ìjọba Benin ń kọ ní Ifangni, aláìní tó fẹ́ ìwòsàn lábẹ́ ARCH, ètò ìdójútòfò ìjọba, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìdánimọ̀. Ìkànìyàn RAVIP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní ìwé ìbí. Àṣekù kan a máa bí òmíràn: ìwé ìbí tí kò jáde ní mairie, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ni yóò dá dosíè ìrànlọ́wọ́, àkójọ ìwé ẹni náà, dúró.

Ní Amẹ́ríkà, kí àṣekù má bàa pẹ́, òfin fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 30 láti dáhùn ìbéèrè ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ, ọjọ́ 7 péré fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Gbèdéke dára, ṣùgbọ́n kò tó. Dosíè tí ìwé kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀ lè pẹ́ jù. Ní Ìfọ̀nyìn, kí òṣìṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó mú un wá, kí ó sọ ohun tó kù fún un níbẹ̀, ní èdè Nàgó tàbí Gùn tí ẹni náà gbọ́.